Lọ́ńdọ̀nù sí New York: kí ló dé tí wákàtí àlọ kì í bá ti àbọ̀ dọ́gba?

Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì kan wò pẹ̀lú mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàálù yóò gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago 11 àárọ̀, yóò sì balẹ̀ sí New York ní aago 2 ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tí kò bá rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí yóò ka wákàtí mẹ́ta. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ti àbọ̀: bàálù gbéra ní New York ní aago 7 alẹ́, ó balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wákàtí méjìlá nìyẹn. Òkun kan náà ni, bàálù kan náà sì lè ni. Ṣé òkun máa ń fẹ̀ sí i lálẹ́ ni?

Oríṣiríṣi ọ̀nà làwọn èèyàn ń gbà bi mí ní ìbéèrè yìí. Ẹlòmíì a ní òun wo ìkànnì mẹ́ta, iye kìlómítà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ kò bára mu. Ẹlòmíì a ní òun mú iye kìlómítà, òun fi ìyára bàálù pín in, èsì tó jáde kò sì jọ ti tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé nǹkan mẹ́ta la máa ń bèèrè pa pọ̀ láìfura: bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, bí a ó ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀run, àti ohun tí aago ara ògiri yóò máa sọ nígbà tá a bá débẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kì í yí padà. Ti ìkejì ń yí padà lójoojúmọ́. Ti ìkẹta, ìjọba ló ń pinnu ẹ̀.

Ká ti ibi jíjìnnà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni máàpù ti máa ń tan èèyàn jẹ.

Ẹ wá bọ́ọ̀lù kan àti òwú. Ẹ fi bírò ṣe àmì méjì sí ìdajì òkè bọ́ọ̀lù náà, kí méjèèjì ga dọ́gba, kí ọ̀kan wà níhìn-ín, kí èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lódìkejì pátápátá. Ẹ fi ìka di orí òwú mú lórí àmì àkọ́kọ́, ẹ na ìyókù dé àmì kejì, kẹ́ ẹ wá fà á kó le. Ẹ wo ibi tí òwú gbà. Kò yí bọ́ọ̀lù náà po bí ìgbànú. Ó gùn lọ sókè, ó gba ìtòsí orí bọ́ọ̀lù, ó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sódìkejì. Ibi tí òwú gbà yẹn ló kúrú jù láàárín ibi méjì lórí ohunkóhun tó bá rí róbótó. Ọ̀nà òwú ni màá máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun náà ni àwọn ìkànnì tó ń ṣírò jíjìnnà ìlú ń wọ̀n.

Ní báyìí, ẹ mú Beijing àti New York. Tá a bá ń ka bí ìlú ṣe jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: Beijing wà ní ìwọ̀n 39.9 sí àríwá, New York wà ní 40.7. Lórí máàpù ara ògiri, ojú èèyàn á kàn gbé rúlà lé e, á fa ìlà kọjá Òkun Pàsífíìkì, á gba orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà já. Bàálù tó bá gba ibẹ̀ yóò rin ohun tó ju kìlómítà 14,000 lọ. Ọ̀nà òwú ńkọ́? Ìtòsí Òpó Àríwá ló gbà, níbi tí òkun ti di yìnyín, gbogbo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 11,000 lọ. Kìlómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni rúlà ìbá fi ṣòfò.

Kì í ṣe pé ẹni tó ya máàpù yẹn kò mọṣẹ́. Gerardus Mercator ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1569, àwọn atukọ̀ ojú omi ló sì ṣe é fún. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ìlà tó bá tọ́ lórí ìwé jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n lè tọ̀ láìyí ojú kọ́ńpáàsì padà. Ó rí i ṣe fún wọn. Àmọ́ kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, ó di dandan kí ilẹ̀ tó bá ti súnmọ́ òpó máa wú bí ohun tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Lórí máàpù náà, ẹ ó rí Greenland tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó Áfíríkà. Ní ti gidi, Áfíríkà fi ìlọ́po mẹ́rìnlá tóbi jù ú lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀nà bàálù tí wọ́n bá yà sórí irú máàpù bẹ́ẹ̀ fi máa ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, táwọn èèyàn á wá máa bèèrè ìdí tí páílọ́ọ̀tì fi ń lọ yípo. Kò lọ yípo. Ìwé ló tẹ̀ ọ̀nà rẹ̀.

Ìdí tí àwọn ìkànnì kì í fi í bára mu kò le láti lóye. Àwọn kan ń wọn àárín ìlú sí àárín ìlú: Lọ́ńdọ̀nù sí New York lọ́nà yẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,570. Àwọn kan ń wọn pápákọ̀ òfurufú sí pápákọ̀ òfurufú: Heathrow sí JFK jẹ́ nǹkan bíi 5,540. Ayé pàápàá kò rí róbótó délẹ̀, ó yọ díẹ̀ ní ìbàdí. Láti àárín gbùngbùn ayé dé ìbàdí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6,378, láti àárín dé òpó sì jẹ́ 6,357. Ìkànnì tó kà á sí bọ́ọ̀lù lásán àti èyí tó ka yíyọ yẹn mọ́ ọn lè fi kìlómítà mẹ́wàá sí ogún yàtọ̀ síra lórí ọ̀nà tó gùn báyìí.

Ọ̀rọ̀ máìlì tún wà ńbẹ̀. Méjì ni máìlì: ti orí ilẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.609, ti ojú omi jẹ́ 1.852. Ti ojú omi ni àwọn páílọ́ọ̀tì jogún lọ́wọ́ àwọn atukọ̀, òun náà ni wọ́n ń lò títí dòní. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo yìí, Heathrow sí JFK, á jẹ́ 5,540 lẹ́nu ẹni tó ń ka kìlómítà, 3,442 lẹ́nu ẹni tó ń ka máìlì orí ilẹ̀, àti 2,991 lẹ́nu páílọ́ọ̀tì. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.

Tí ilẹ̀ bá so ìlú méjì pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún yín ní iye ọ̀nà ilẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń bèèrè ti òfurufú. Láti Moscow dé Vladivostok, ojú irin ọkọ̀ rélùwéè gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 9,289, ọkọ̀ náà sì ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà. Ọ̀nà òwú láàárín ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bíi 6,400 lọ, bàálù á sì gbà á ní bíi wákàtí mẹ́jọ. Ohun kan wà tí mo fi máa ń yẹ iye tí wọ́n bá sọ fún mi wò: gbogbo àyíká ayé kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40,000 lọ, nítorí náà kò sí ìlú méjì tí ọ̀nà òwú àárín wọn lè ju nǹkan bíi 20,000 lọ. Ẹni tó bá dárúkọ 25,000, ojú títì ló ń kà.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí jíjìnnà. Ti wákàtí ló gba sùúrù.

Bàálù ńlá tí ń kó èrò máa ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 830 sí 910 ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú “tó bá ti dé òkè”. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gùn, kò sì lè sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń gùn. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, á sì ti dẹwọ́ kó tó dé ìtòsí ilẹ̀. Èyí ló fà á tí ìṣirò pípín lásán kì í fi í bá tíkẹ́ẹ̀tì mu. Ọgbọ́n tí èmi ń lò ni pé kí n fi 850 pín iye kìlómítà, kí n wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé èsì rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù sí New York: 5,540 tá a fi 850 pín jẹ́ wákàtí mẹ́fà àbọ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó di méje. Singapore sí New York, tó wà lára ọ̀nà tó gùn jù lọ tí bàálù èrò ń fò láìdúró, lé ní kìlómítà 15,300: ìṣirò mi fún mi ní nǹkan bíi wákàtí méjìdínlógún àbọ̀, ohun tí iléeṣẹ́ bàálù náà sì ń kọ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lọ sí i. Èyí tó kù, ọwọ́ afẹ́fẹ́ ló wà.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Bàálù kì í rìn lórí ilẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ń rìn, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń rìn lórí odò. Tí odò bá ń ṣàn síbi tí ọkọ̀ dorí kọ, ọkọ̀ á yára dé láìjẹ́ pé atukọ̀ fi kún agbára. Tó bá dojú kọ ìṣàn, á là á bọ̀ ni, ẹni tó dúró létí odò á sì rí i pé ó falẹ̀. Lókè ibi tí bàálù ń fò, níwọ̀n bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí méjìlá sókè ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kan wà tó ń ṣàn bí odò báyìí láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Jet stream ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè é. Kì í dúró sójú kan, ó ń lọ́ kiri bí ejò, ó sì máa ń le jù nígbà òtútù. Ìgbà mìíràn wà tó ń sáré ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan.

Ará Jàpáànì kan, Wasaburo Ooishi, ti ń rán bàlúùnù sókè lọ wọ̀n ọ́n láti àwọn ọdún 1920. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tó rí, ló bá kọ ìròyìn rẹ̀ lédè Esperanto, èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ pé kó jẹ́ ti gbogbo ayé. Gbogbo ayé ò gbọ́ Esperanto. Ìròyìn náà wà níbẹ̀, àwọn tó kà á ò sì tó nǹkan. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn páílọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà tó ń fò ga lórí Jàpáànì wá fi ojú ara wọn rí i, nígbà tí afẹ́fẹ́ iwájú ń tì wọ́n sẹ́yìn kọjá ohun tẹ́nikẹ́ni sọ fún wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wà nínú bàálù tó ń lọ sí ìlà-oòrùn lórí Àtìláńtíìkì. Oorun ò kùn mí, mo wá ń wo sikirínì kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó iwájú mi. Ó ní ìyára wa lórí ilẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1,065 ní wákàtí kan. Bàbá tó jókòó tì mí fọwọ́ tọ́ mi, wọ́n ní, “Ẹ wò ó, ṣé nǹkan yìí ò ti bàjẹ́? Wọ́n ní bàálù yìí kì í ju 900 lọ.” Mo ní, “Kò bàjẹ́, bàbá. Ẹ wo ìlà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.” Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn jẹ́ 170. Bàálù ń sáré 895 nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń gbé e lọ ní 170. Bàbá ṣírò rẹ̀ lórí ìka, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí sùn. Èmi ni mi ò sùn.

Tó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn le gan-an, nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà ìjì tí wọ́n sọ ní Ciara, bàálù Boeing 747 ti British Airways kan fò láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù láàárín wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ìyára rẹ̀ lórí ilẹ̀ lé ní kìlómítà 1,300 ní wákàtí kan. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó sáré ju ìró lọ. Rárá o. Nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ìyára tó máa ń sá náà ló ń sá. Bàálù èrò tí wọ́n ń pè ní Concorde ló ń sáré ju ìró lọ ní tòótọ́: ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1996, ó gba ọ̀nà kan náà láàárín wákàtí méjì, ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Wọ́n ti gbé e sílẹ̀ láti 2003.

Ẹlòmíì á ní, “Ó dáa, ohun tí afẹ́fẹ́ bá mú lọ lálọ, á dá a padà lábọ̀.” Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bàálù ń sáré 900, afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 100. Tó bá wà lẹ́yìn, 1,000 ló ń sáré lórí ilẹ̀, á gba kìlómítà 5,540 ní wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 32. Tó bá wà níwájú, 800 ló kù, ọ̀nà kan náà á gba wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 55. Pa pọ̀, wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú 27. Ká ní kò sí afẹ́fẹ́ rárá, àlọ àti àbọ̀ á jẹ́ wákàtí méjìlá àti ìṣẹ́jú 19 péré. Afẹ́fẹ́ kì í san gbogbo gbèsè rẹ̀ padà, torí pé ó ń pẹ́ jù lára èèyàn nígbà tó bá wà níwájú.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti le jù tí mo mọ̀ ni ìdajì ayé ti gúúsù, níbi tí òkun pọ̀ tí ilẹ̀ ò sì tó nǹkan tó lè dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Láti Sydney sí Johannesburg jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 11,000. Àlọ sí ìwọ̀-oòrùn ń gba bíi wákàtí mẹ́rìnlá. Àbọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju méjìlá lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yíyí ayé. Ayé ń yí sí ìlà-oòrùn, ní ìbàdí rẹ̀ ó ń yí ní nǹkan bíi kìlómítà 1,670 ní wákàtí kan. Ṣé kò yẹ kí bàálù tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn yára dé, nígbà tí ilẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀? Èrò yẹn dùn, àmọ́ ẹ wo eṣinṣin tó ń fò nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Kì í lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń bá ọkọ̀ lọ, eṣinṣin sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ayé ṣe ń bá ayé yí, bàálù sì ti ń bá a yí kó tó gbéra rárá. Lóòótọ́, yíyí ayé wà lára ohun tó ń darí jet stream sí ìlà-oòrùn, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ láti ẹ̀yìn ni.

Torí afẹ́fẹ́ náà ni bàálù kì í fi í tọ ọ̀nà òwú géérégé. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni àwọn adarí òfurufú ní Gander nílẹ̀ Kánádà àti ní Prestwick nílẹ̀ Scotland ń ya ọ̀nà tuntun sórí Àtìláńtíìkì. Ti àwọn tó ń lọ sí ìlà-oòrùn lálẹ́ ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn pọ̀ sí. Ti àwọn tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn lọ́sàn-án ń sá fún un. Bàálù lè fi kìlómítà tó lé ní igba kún ọ̀nà rẹ̀, kó sì tún tètè dé ju ẹni tó gba ọ̀nà tó kúrú lọ.

Ohun kejì tó ń yọ bàálù kúrò lọ́nà òwú ni ààlà. Orílẹ̀-èdè ló ni òfurufú tó wà lórí rẹ̀, ó sì lè tì í. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti le, Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti òfurufú wọn mọ́ ara wọn. Helsinki sí Tokyo, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 7,800 lọ lọ́nà òwú, tó sì ń gba bíi wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀, ló wá di nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá. Bàálù ní láti gba orí Òpó Àríwá, tàbí kó gba gúúsù yípo. Ìlú méjèèjì ò sún kúrò lójú kan. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí: nígbà tí Soviet Union kò jẹ́ kí àwọn èèyàn gba orí ilẹ̀ rẹ̀, iléeṣẹ́ bàálù SAS bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Copenhagen lọ sí Tokyo ní 1957, ó ń gba àríwá lọ dúró ní Anchorage ní ìpínlẹ̀ Alaska. Ìwé àtijọ́ tó bá sọ iye wákàtí Yúróòpù sí Jàpáànì fún yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́.

Iye wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá kì í ṣe ti ojú ọ̀run nìkan. Ìgbà tí bàálù bá fi ẹsẹ̀ kúrò ní géètì ni wọ́n ti ń kà á, títí dìgbà tó bá dúró sí géètì ìlú kejì. Bí bàálù bá fi ogún ìṣẹ́jú tò sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó gbéra, inú rẹ̀ náà ni. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù tún máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e kí wọ́n má bàa pẹ́ lójú ìwé. Ohun tó ń jẹ́ kí páílọ́ọ̀tì gba gbohùngbohùn kó sọ pé “a ti dé ṣáájú àkókò” nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ yẹn ò yàtọ̀ sí ti àná. Ìkànnì tó bá sọ fún yín pé ìrìn kan jẹ́ wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 31, bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, ìpín lásán ló ṣe. Èmi kì í fi ọkàn tán irú iye bẹ́ẹ̀.

Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ “direct”. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó túmọ̀ sí pé bàálù ò ní dúró níbì kankan. Ohun tó túmọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ wọn ni pé nọ́ńbà ìrìn náà ò ní yí padà. Bàálù ṣì lè balẹ̀ lójú ọ̀nà, kó gba epo, kó já èrò, kó tún gbéra. “Nonstop” ni èyí tí kò dúró rárá. Tí ẹ bá rí wákàtí 26 lórí ọ̀nà tí ìṣirò fún yín ní 14, ìdúró ló jẹ ìyókù.

Ká wá padà sórí tíkẹ́ẹ̀tì tá a fi bẹ̀rẹ̀. Aago New York fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn ti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí bàálù balẹ̀ ní aago 2 ọ̀sán New York, aago 7 alẹ́ ló ń lù ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 11 àárọ̀ sí 7 alẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Lábọ̀, aago 7 alẹ́ New York jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọ̀gànjọ́ dé aago 7 àárọ̀ jẹ́ wákàtí méje. Mẹ́jọ àti méje: ìyàtọ̀ wákàtí kan tó kù yẹn, afẹ́fẹ́ ni. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní láti ṣe ni kẹ́ ẹ sọ aago méjèèjì di ti ìlú kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ibi tó ti ń gba ìṣọ́ra ni pé ìyàtọ̀ aago kì í ṣe ohun tí oòrùn dá dúró. Amẹ́ríkà ń sún aago rẹ̀ síwájú ní Sunday kejì oṣù kẹta, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dúró di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹn, wákàtí mẹ́rin ni ìyàtọ̀ wọn, kì í ṣe márùn-ún. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ. Íńdíà fi wákàtí márùn-ún àbọ̀ ṣáájú aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n tiwọn, Nepal fi wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 45 ṣáájú rẹ̀. Ṣáínà fẹ̀ láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn débi tí ìbá fi ní aago márùn-ún, àmọ́ aago kan ṣoṣo ni ìjọba fún gbogbo rẹ̀.

Lórí Òkun Pàsífíìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá ń dà bí idán, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi ìlà tó ń pààrọ̀ ọjọ́ sí. Nígbà òtútù, Tokyo fi wákàtí mẹ́tàdínlógún ṣáájú Los Angeles. Ẹni tó bá gbéra ní Tokyo ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, tó sì fò fún wákàtí mẹ́wàá, yóò balẹ̀ sí Los Angeles ní aago 10 àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan náà. Ó dé kó tó kúrò nílé, tá a bá fẹ́ gba aago gbọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n gbéra ní Éṣíà lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, tí wọ́n balẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí wọ́n sì tún kí ara wọn kú ọdún lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó bá kọjú sí ọ̀nà kejì ló ń san án. Bàálù gbéra ní Los Angeles ní aago 10:30 alẹ́ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejìlá, ó fò fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó balẹ̀ sí Sydney ní aago 8:30 àárọ̀ Ọjọ́rú. Èrò tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àárín yẹn, ìwọ̀nba wákàtí tó rí nínú rẹ̀, orí òkun ló ti lò ó, nínú òkùnkùn, bóyá lójú oorun.